Ẹni Tó Ń Bá Ni Di Ìfun Mú

Ìfun màlúù ni wọ́n fi ń dán àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ wò ní ilé ìwòsàn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, awakọ̀ á lọ gbé e wá láti ilé ìpẹran nínú ike onídèérí, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì irin nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò á gé ìfun náà sí méjì, á tún fi abẹ́rẹ́ àti òwú so ó pọ̀. Tó bá rán an tán, wọ́n á di ẹnu rẹ̀ kan pa, wọ́n á rọ omi sínú èkejì. Omi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ bá dáa, ìfun á wú bí ikùn ọmọ tó yó. Bí kò bá dáa, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ròyìn rẹ̀ fún, ojú gbogbo wọn ló máa ṣe.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ yàrá ìkọ́ṣẹ́ yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́, nítorí pé láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tirẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta òwú ní kókó. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í fẹnu sọ̀rọ̀, ẹ̀mú irin ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ bá ṣì, kó! lórí eegun ìka. Ìka àárín ọwọ́ òsì Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣì wọ́ díẹ̀ títí di òní. Kò gbàgbé ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀: òjò ń rọ̀, káfíńtà ni aláìsàn tó wà lórí tábìlì, àṣìṣe náà kò sì tọwọ́ òun wá. Ó fi ìka tó ti wú náà parí iṣẹ́, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún, ó bọ́jú, ó padà wọlé. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé bí òun náà bá di ọ̀gá lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun kò ní mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Ó mú ìpinnu náà ṣẹ. Nígbà tí Dókítà Kékeré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kúkúrú kan tó máa ń gun àpótí kí ó tó lè bá tábìlì dọ́gba, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn tó jìnnà, kí ó tó wá kọ́ṣẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò jágbe mọ́ ọn rí. Ńṣe ló ń bá a di nǹkan mú. Kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé ibì kan, ọwọ́ ọ̀gá ti ṣáájú débẹ̀: ó ti fa ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti gbé ìfun sókè, ó ti na òwú kí ó má bàa lọ́. Kò sí ohun tó kù fún ọmọ iṣẹ́ ju kí ó gún un, kí ó fà á. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa dápàárá pé, "Ẹ wo Dókítà Kékeré, ọwọ́ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún tirẹ̀." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń rín in.

Ìdánwò tó kù yìí ni àṣekágbá. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìlú Dókítà Kékeré tí kò ní dókítà oníṣẹ́ abẹ kankan, wọ́n sì ti ní àwọn á dúró dè é. Bó bá yege, ó di ilé, ó di ọ̀dọ̀ ọmọ tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, tó jẹ́ pé inú fóònù ló ti mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, ọmọ náà bi í pé, "Màámi, ṣé inú fóònù ni ilé yín wà ni?" Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni sọ àwàdà. Kò sí èyí tó rí ẹ̀rín rín sí i nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni mẹ́ta ló ń jókòó wo ọmọ iṣẹ́: ọ̀gá tó kọ́ ọ, ọ̀gá mìíràn nínú ilé ìwòsàn kan náà, àti àlejò kan láti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Ọ̀gá kejì lọ́jọ́ náà ni ọkùnrin kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Aláwò ni wọ́n ń pè é tí kò bá sí nítòsí. Àlejò wọn jẹ́ obìnrin kan tó lọ́yàyà, tó ti kí gbogbo ènìyàn tán kí ó tó jókòó. Ẹni tó máa dúró ní òdìkejì tábìlì bá ọmọ iṣẹ́ di nǹkan mú, ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó mú un, nítorí pé dókítà kì í fi gbogbo ìgbà rí ẹni tó wù ú bá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá ní kí onítọ̀hún ṣe nìkan ni kí ó ṣe.

Ìbò mú Màmá Wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà inú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìnira mà," ni Dókítà Kékeré wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Ìnira kẹ̀? Ìdúró ni wọ́n ní kí n wá dúró. Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe o, ọmọ mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ gbọ́n ju ara mi lọ."

Dókítà Kékeré gé ìfun náà. Ó gé e dáadáa, etí rẹ̀ tẹ́ bí etí ìwé. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gbé e dé ẹnu iṣẹ́, ó dúró. Ó ń retí ọwọ́ tó máa gbé ẹnu ìfun méjèèjì pàdé ara wọn. Ọwọ́ kankan kò wá. Màmá Wọ́ọ̀dù káwọ́ sí àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ni yín lára, ẹ bá mi..."

"Kí n bá ọ kí ni?"

"Kò burú, mà. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì ara rẹ̀ di ìfun mú, ó ń fi ọ̀tún rán. Òwú ń lọ́, ó ń tú u. Ìfun ń yọ̀ bọ́, ó ń wá a padà. Tó bá ti gbé iwájú pàdé, ẹ̀yìn á ṣí. Òógùn bọ́ sínú ìbòjú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i ó gbójú sókè wo ìyá àgbà náà, ẹnu rẹ̀ sún, kò sọ ọ́. Báwo ni yóò ṣe rán ẹni tó ju ìyá òun lọ níṣẹ́ bí ẹni rán ọmọ ọ̀dọ̀?

Bàbá Jẹ́jẹ́ jókòó lórí àga, ó ń wò ó. Ohun kan ń ta á lórí itan, ó wolẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni. Wọ́n ń rìn. Wọ́n ń gbé, wọ́n ń fà, wọ́n ń nà, níbi tí ìfun kò sí, wọ́n ń di afẹ́fẹ́ mú. Ó wá wo orí tábìlì, ó rí i pé ibi tí ìka òun bá dé gan-an ni ọmọ náà ń sọnù sí. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

Wọ́n rọ omi sí i. Ìfun wú, ó le, ó ń dán. Gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Ní igun ẹ̀yìn, níbi tó ti fi ọwọ́ kan dá rán an, omi yọ díẹ̀, bí òógùn ṣe ń yọ lórí imú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó wá kán tó.

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ dúró níta," ni Aláwò wí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, Àlejò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́. Ìyẹn tó jáde, òógùn lásán ni, ìfun ààyè á fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra."

"Ó lè lẹ̀, ó sì lè má lẹ̀," ni Aláwò dá a lóhùn. "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n ò jiyàn. Àmọ́ ó sọ èèyàn di òpó. Ẹ ò rí ìyá yẹn bó ṣe dúró bí àga tí wọ́n ṣí kúrò lọ́nà? Mo ní kò yege."

Wọ́n kọjú sí Bàbá Jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù," ni Àlejò wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ló kù. Bó bá sọ ọ́, ọmọ ọdún márùn-ún kan á sùn mọ́ ìyá rẹ̀ láyà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré yẹn, sí yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò dé rí. Ta ló máa wà ní òdìkejì tábìlì níbẹ̀? Bóyá nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà ju Dókítà Kékeré lọ, tó káwọ́ sí àyà, tó ń retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́. Ọmọ ẹlòmíràn á sì wà lórí tábìlì, láàárín àwọn méjèèjì.

"Kò tíì tó," ni ó wí. "Ẹ̀bi náà sì jẹ́ tèmi."

Aláwò yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó. "A ò dá ẹjọ́ ẹ̀bi níbí, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ la fẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Lẹ́nu ọ̀nà ló ti bá Màmá Wọ́ọ̀dù, tó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. "Dókítà, ọmọ yín yìí níwà jù," ni ìyá náà wí. "Mo dúró kó rán mi níṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ńṣe ló ń wò mí bí ẹni tó wá kí ìyá ọkọ."

Dókítà Kékeré wà lórí bẹ́ńṣì, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ó dìde. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún un.

"Ọ̀kan ní o yege, ọ̀kan ní o ò yege. Èmi ni mo wá dá a."

"Ẹ ṣeun, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ dá a sí ibo, sà?"

"Sí pé o ò tíì yege. Oṣù mẹ́ta sí i, wàá tún un ṣe."

Ọmọbìnrin náà ká fìlà rẹ̀ sí kékeré, ó tún ká a sí i.

"Jókòó, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ó jẹ́ kí ó lọ. Ó rí i tó kọjá ibi tí wọ́n ń sá aṣọ, tó yà sọ́tùn-ún, tó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, "Ẹ káàárọ̀ sà" àti "Ó dàárọ̀ sà" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìpẹran, ó ra ìfun, ó fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì irin. Ó ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó dé, ó bá ọ̀gá rẹ̀ ní òdìkejì tábìlì, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó káwọ́ sí àyà.

"Ó yá," ni ó wí.

Ọmọbìnrin náà gé ìfun, ó mú abẹ́rẹ́, ó dúró. Ọwọ́ tó ti ń ṣáájú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin kò kúrò láyà.

"Sà?"

"Mo wà ńbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bóyá tí ẹ bá lè..."

"Bóyá tí mo bá lè kí ni?"

"Kí ẹ bá mi... ibí yìí, sà."

"Ibí wo? Ìfun ni mo rí káàkiri." Ó na ìka kan, ó gbé e lé ibi tí kò wúlò fún ohunkóhun. "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa, sà," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Irọ́!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, Bàbá Jẹ́jẹ́ á di ọ̀dẹ̀ níwájú rẹ̀. Á di ibi tí kò yẹ mú, á fa ohun tó yẹ kí ó gbé, á tú òwú sílẹ̀, á máa wo ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Ìka rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà mìíràn ó ní láti di etí tábìlì mú lábẹ́. Ẹ̀mú irin ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó fi ìka tó wọ́ hàn án. "Èyí ni wọ́n fi kọ́ mi. Mo ní n ò ní lu ẹnikẹ́ni. N ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìkẹ́ de ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Ọmọbìnrin náà wo ìka náà pẹ́. "Ẹ ò dè mí, sà. Èmi ni n ò lẹ́nu. Mo dúró níwájú ìyá yẹn, ọ̀rọ̀ wà lọ́fun mi, mo ní, ṣé èmi ni màá sọ pé kí ìyá àgbà gbé eléyìí, kí wọ́n fa tọ̀hún? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

"Èmi náà, wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Bọ̀wọ̀ fún mi ká tó wọlé. Tá a bá jáde, tún bọ̀wọ̀ fún mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ láàárín méjèèjì, aláìsàn ló làgbà."

Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ó tún rán ìfun ọjọ́ náà pẹ̀lú "bóyá" àti "ẹ jọ̀ọ́", omi sì jò ní ibi méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an ni ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rán ẹ̀yìn tán, ó ku igun tó le jù. Bàbá Jẹ́jẹ́ tú u sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ń wo ẹyẹ lójú fèrèsé.

"Sà, ibo lẹ̀ ń wò? Ẹ má tú u! Ẹ gbé e sókè, síbí, síbi tí mò ń wò. Ó pọ̀ jù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìbòjú. "Ẹ má bínú, sà."

"Tó o bá bẹ̀ mí, màá tú u," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Rán an."

Ó rán an. Omi kò yọ. Ọ̀gá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ooru yìí ń jẹ́ kí ojú òun máa ṣomi.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n gbé ìlànà yìí dé ọ̀dọ̀ aláìsàn gidi. Ó ń rán ọ̀gá rẹ̀ níṣẹ́ lórí tábìlì, ọ̀gá sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ọwọ́ mẹ́rin náà ló ṣì ní," ni ọ̀kan wí, "ó kàn ti wá di ọ̀gá lórí wọn ni."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Bàbá Jẹ́jẹ́ ní òun kò ní jókòó nínú ìdánwò náà, kí ọ̀gá mìíràn bá òun jókòó, nítorí ọwọ́ òun kò gbọ́ràn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Wọ́n fẹ́ ṣẹ́ ìbò, Aláwò ní kí wọ́n má ṣẹ́ ẹ. Òun tí òun ní kò yege nígbà yẹn, òun lòun máa dúró ní òdìkejì tábìlì. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lórí àga.

Ilẹ̀kùn padé. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ sà," ohùn Dókítà Kékeré rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó mọ Aláwò mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn tí wọ́n ń rán níṣẹ́.

Ó wá gbọ́ ọ.

"Ẹ gbé ẹnu méjèèjì pàdé, sà. Ẹ sún mọ́ mi. Rárá, ẹ ò gbé e tó. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

"Ibí?" ni ohùn Aláwò.

"Níbẹ̀. Ẹ na òwú yẹn fún mi. Sà, ẹ gbórí sẹ́yìn, awò ojú yín fẹ́ bọ́ sórí iṣẹ́."

Àlejò tó wà nínú ilé fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Níta, Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú. Ìka rẹ̀ wà lórí itan, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń rọ omi. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọ́ nǹkan kan, títí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí Aláwò jáde, tó ń fi etí aṣọ nu awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ ọmọ yìí lẹ́nu? Ó ní kí n má mí sórí iṣẹ́ òun."

"Ìfun náà ńkọ́?"

"Ó gbẹ," ni Aláwò wí. "Ó gbẹ fúrúfúrú. Kí ó máa lọ sílé."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Bàbá Jẹ́jẹ́ sìn ín dé ẹnu géètì. Awakọ̀ ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Dókítà Kékeré ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní òun ò gbà pé mò ń bọ̀, sà. Ó ní kí n rí i pé mo mú ẹsẹ̀ mi dání o, pé òun ò rí i rí."

"Sọ fún un pé ó kúrú."

"Ó máa fúnra rẹ̀ rí i, sà."

Àpótí ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, ó tóbi, ìwé ló kún inú rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin náà la ẹnu láti sọ pé rárá, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà kì í ru ẹrù ọmọdé. Ó pa ẹnu náà dé. Ó fi fóònù sápò, ó lọ sí òdìkejì àpótí, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ mú etí ibẹ̀ yẹn, sà," ni ó wí. "Ẹ má tíì gbé e. Ẹ dúró dè mí. Ó yá, ẹ gbé e."

Wọ́n jọ gbé e.